Ẹ̀kọ́ Bíbélì ti Oṣù Yìí: Ẹ̀dùn Abrahamu nítorí Kànga, àti Bí A Ti Í Bá Ilé-Iṣẹ́ Ọkọ̀ Sọ̀rọ̀ nígbà tí Wọ́n Bá Ṣìṣe

Ẹ kà: Gẹ́nẹ́sísì 21:22–34, Ẹ́kísódù 21:33–34, Mátíù 18:15–17.

Ọ̀ràn tí a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Agbowa, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹnì kan mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ti rà á ní Èkó, kí wọ́n lè bá a ṣe sáfíìsì rẹ̀. Ó san owó pé, ó gba rìsíìtì, ó sì wa ọkọ̀ náà padà bọ̀. Kí ó tó dé ilé, ó rí i pé ohun tí kò bàjẹ́ nígbà tí ó ń lọ ti bàjẹ́ nígbà tí ó ń bọ̀. Njẹ́ kí ni kí ó ṣe?

Àwọn kan yóò wí pé kí ó padà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó sì pariwo títí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́. Àwọn mìíràn, tí wọ́n rò pé ìwà Kristẹni ni àwọn ń sọ, yóò ní kí ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ìtòsí, kí ó san owó mìíràn, kí ó sì fi àwọn tí ó ṣe é níbi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwa kò rò pé èyíkéyìí nínú ìmọ̀ràn méjèèjì bá Ìwé Mímọ́ mu. Èkíní kò ní ìfẹ́ nínú. Èkejì ní ìrísí ìfẹ́, ṣùgbọ́n kò ní òtítọ́, nítorí ẹni tí ó fi ẹnu wí pé òun ti fi sílẹ̀ sábà máa ń gbé ọ̀ràn náà kiri nínú ọkàn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí yóò sì máa ba orúkọ ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ níbi tí wọn kò sí láti gba ara wọn sílẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Abrahamu ṣe. Abimeleki ọba wá sọ́dọ̀ rẹ̀, òun àti Fikoli olórí ogun rẹ̀, láti bá a dá májẹ̀mú. Ọba fẹ́ ìbúra. Abrahamu sì gbà láti búra. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí májẹ̀mú náà bo ohun tí ó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ Abimeleki ti fi agbára gba kànga kan tí Abrahamu gbẹ́, ní ilẹ̀ gbígbẹ tí kànga jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Abrahamu sọ ọ́ fún ọba ní ojú ara rẹ̀. Èsì tí ọba fún un ni a fẹ́ kí gbogbo kíláàsì ṣe àkíyèsí rẹ̀ gidigidi: ó ní òun kò mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan náà, pé Abrahamu fúnra rẹ̀ kò sọ fún òun rí, àti pé ọjọ́ náà gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

A lè rò pé ọba ń purọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti pè é ní òpùrọ́ lójú ẹsẹ̀. Abrahamu kò pè é bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó fi àgùntàn àti màlúù fún un, àwọn méjèèjì sì dá májẹ̀mú; ṣùgbọ́n ó ya abo ọ̀dọ́-àgùntàn méje sọ́tọ̀, kí gbígbà tí ọba bá gbà wọ́n lè jẹ́ ẹ̀rí pé òun ni ó gbẹ́ kànga náà. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti béèrè ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ní ayé òde òní rìsíìtì ni a ń gbà dípò àgùntàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ẹni tí ó sì sọ rìsíìtì nù kí ó tó dé Ìkòròdú ti tú àgùntàn rẹ̀ sígbó.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀sà ni ọ̀nà ńlá wa, tí àwọn baba wa ń gba ojú omi lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn àti sí Èkó, ẹni tí ó gbẹ́ ọkọ̀ tàbí tí ó dí ihò rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹni tí ń tù ú. Bí omi bá wọ inú ọkọ̀, a mọ ilé ẹni tí a ó lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, nígbà tí irú ọmọ Èkó bí W. A. Dawodu bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ó sì ń tún un ṣe. Bí òwò náà sì ti ń gbòòrò ni ọ̀gá àti oníbàárà ń jìnnà sí ara wọn. Lónìí, akọ̀wé kan ni a ń fún ní kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì. A kì í rí ẹni tí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, òun náà kì í sì í rí wa. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá wí pé òun kò gbọ́, ó lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé ni ó ń sọ, gẹ́gẹ́ bí Abimeleki.

Ó yẹ kí a mọ bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, kí a má bàa rò pé ìkà ni ó máa ń fà á. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ihò kan wà tí a fi ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù, nọ́ọ̀tì kan ni a sì fi ń dí i. Ọmọ iṣẹ́ a tú nọ́ọ̀tì yìí, a jẹ́ kí ọ́ìlì dúdú ṣàn tán, a pààrọ̀ fílítà, a dá nọ́ọ̀tì padà, a fi sípánà fún un, lẹ́yìn náà ni a ó da ọ́ìlì tuntun sí i láti òkè. Iṣẹ́ kékeré ni, ó sì lè ṣe é ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ó lè fi ìka dé nọ́ọ̀tì náà lásán, kí ẹlòmíràn pè é, kí ó sì gbàgbé sípánà. Ó lè fún un jù, tí ojú ihò náà yóò fi bọ́. Ìkẹta ni ó fara sin jùlọ: rọ́bà róbótó tí ó wà lẹ́nu fílítà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, bí a kò bá yọ ọ́ kúrò tí a sì dé fílítà tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì yóò wà níbi tí ó yẹ kí ọ̀kan wà, ọ́ìlì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò rí i nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀nà ni a ó ti rí i.

Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin fi ara gbo irin. Bí ó bá tán, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Yóò kọ́kọ́ máa dún, lẹ́yìn náà yóò nọ́ọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ti ń wí. Láàrín nọ́ọ̀tì kan tí a kò fún àti ẹ́ńjìnnì tí a ní láti rà ní owó tí ó lè tó owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, kìlómítà díẹ̀ ni ó wà. Fún ẹni tí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹja àti gàrí láti Agbowa lọ sí Ìkòròdú, oúnjẹ ilé rẹ̀ ni ó wà nínú ewu.

Nítorí náà, bí iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Itoikin, kí a má ṣe wí pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Kí a yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí a sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó rí iná yìí tí ó sì ń wa ọkọ̀ lọ ti di alájọpín nínú àṣìṣe náà. Ilé-iṣẹ́ yóò bi í pé èé ṣe tí kò dúró, ìbéèrè náà yóò sì tọ́. Lẹ́yìn náà kí a fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí a wò ó. Kí a fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, àti ti ilẹ̀ tí ọ́ìlì ń kán sí, àti ti nọ́ńbà kìlómítà tí ó wà níwájú awakọ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, fi sípánà kan ohunkóhun kí a tó sọ fún ilé-iṣẹ́ náà, nítorí lẹ́yìn tí ọwọ́ méjì bá ti kan nọ́ọ̀tì kan, ta ni yóò lè sọ ọwọ́ tí ó ṣìṣe? Ó sàn kí a wá ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀, kí a sì gba rìsíìtì owó rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sísọ. Olúwa wa fi ọ̀nà kan lélẹ̀ nínú Ìhìnrere Mátíù fún ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bá ṣẹ̀ sí: kí ó kọ́kọ́ lọ bá a, òun àti ẹni náà nìkan, bí kò bá gbọ́, kí ó mú ẹnì kan tàbí méjì lọ́wọ́, bí kò bá tún gbọ́, nígbà náà ni ìjọ yóò tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ka ọ̀nà yìí láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Orí Facebook ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà yóò ti dá ẹjọ́ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó jí lórí ibùsùn rẹ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó dùn wá láti sọ pé àwọn kan tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń jókòó pẹ̀lú wa nínú ìjọ.

Kí a tẹ ilé-iṣẹ́ náà láago ní ọjọ́ kan náà. Bí a bá sì lọ síbẹ̀, kí a kí ènìyàn kí a tó sọ ohun tí ó gbé wa wá. Ọmọdékùnrin tí ó wà nídìí tábìlì kì í ṣe ẹni tí ó tú nọ́ọ̀tì náà, kò sì ní àṣẹ láti dá owó padà. Bíbú tí a bá bú u kò lè ṣe wá ní àǹfààní kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè gba ọjọ́ orí bàbá rẹ̀. Kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó fi wá han máníjà tí ń bójú tó iṣẹ́ àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ẹnu sọ ọ́, kí a fi ìwé tì í lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yí padà láàrín tábìlì kan àti èkejì. Ìwé náà lè rí báyìí:

“Sí Máníjà. Alàgbà, mo kí yín àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Ní ọjọ́ Tuesday tí ó kọjá mo mú ọkọ̀ mi wá fún sáfíìsì, mo sì san iye tí ó wà nínú rìsíìtì tí mo so mọ́ ìwé yìí. Ní ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50, iná ọ́ìlì tàn. Mo dúró, mo pa ẹ́ńjìnnì, n kò sì tún tan án mọ́ láti ìgbà náà. Ọ́ìlì ń jò láti ibi nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwòrán rẹ̀ nìyí. N kò mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà má tíì gbọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yẹ inú ẹ́ńjìnnì náà wò níṣojú mi, kí ẹ tún ohun tí ó bá bàjẹ́ ṣe láìgba owó, kí ẹ dá owó tí mo fi fa ọkọ̀ náà padà fún mi, kí ẹ sì fún mi ní ìwé pé bí ẹ́ńjìnnì yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nítorí ọ̀ràn yìí láàrín oṣù 6, ẹ̀yin ni yóò tún un ṣe. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun. Mo ń retí èsì yín láàrín ọjọ́ 7. Èmi ni tiyín ní òtítọ́.”

A kò pe ẹnikẹ́ni ní olè nínú ìwé yìí, a kò sì fi agbẹjọ́rò dẹ́rù bà wọ́n. Síbẹ̀ kò sí ohun tí a fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò béèrè ohun tí kò tọ́ sí wa. Ẹni tí ọ́ìlì rẹ̀ jò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà láìléwu, tí ó wá ń béèrè ọkọ̀ tuntun, ti kúrò nínú ẹ̀dùn, ó ti bọ́ sínú ojúkòkòrò. Ọ̀rọ̀ nípa oṣù 6 ni kí a dì mú ṣinṣin, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ebi ọ́ìlì ti pa lè dára létí lónìí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Níti ẹni tí ó jẹ̀bi, òfin Mósè ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ọ̀ràn yìí mu lọ́nà ìyanu. Bí ẹnì kan bá ṣí ihò sílẹ̀ tí kò sì bò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlòmíràn sì kó sínú rẹ̀, oníhò náà yóò san owó fún ẹni tí ó ni ẹran náà. Òfin kò béèrè bóyá ó kórìíra aládùúgbò rẹ̀. Kò pè é ní apànìyàn tàbí ọ̀tá. Ó ṣí ihò, kò bò ó, yóò san án, ọ̀ràn parí. Bí a bá fi èyí sọ́kàn, a óò lè bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ láìsí ìbínú, nítorí owó ihò ni a ń béèrè, a kò béèrè orí ẹnikẹ́ni.

A sì ní ìdí tí a fi sọ èyí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọ̀gá, láti tu oníbàárà lójú, pe ọmọ iṣẹ́ náà síwájú rẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá kí òun lé e lọ. Oníbàárà tí inú ń bí lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lílé ọmọ náà kò dí ihò, kò sì tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fi ń san gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ẹlòmíràn. Ọmọ náà lè jẹ́ ọmọ ọdún 19 tí ìyá rẹ̀ ń retí owó oṣù rẹ̀. Kí a dáhùn pé àtúnṣe ni a bá wá, kí a sì béèrè, bí àyè bá wà, pé kí ẹnì kejì máa yẹ nọ́ọ̀tì wò kí ọkọ̀ tó jáde. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi í fà á mọ́ra.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní kí a padà sílé lọ sunkún. Òfin tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, òfin ti 2018 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní January 2019, sọ ní apá 130 pé ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ fún ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí ó dára tó bí ènìyàn ti lè retí, àti pé ohun ìní tí ó fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìburú ju bí ó ti mú un wá lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí oníṣẹ́ tún àléébù náà ṣe, tàbí kí ó dá ìwọ̀n owó tí ó yẹ padà. Òfin náà jẹ́ kí ó lè gbé ẹ̀dùn rẹ̀ tọ oníṣẹ́ lọ tààrà, tàbí kí ó gbé e tọ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FCCPC lọ. Kò sì dí ọ̀nà kóòtù mọ́ ọn. Ìjọba Èkó pẹ̀lú ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA, tí ń gbọ́ irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ràn jù fún àwọn ará wa ni Ilé Ìlàjà Ará Ìlú tí Ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí alájà kan yóò ti jókòó láàrín àwọn méjèèjì láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ìgbésẹ̀ kejì nínú Mátíù nìyẹn gẹ́lẹ́, ẹnì kan tàbí méjì lọ́wọ́. Bí ó bá di dandan, kóòtù fún gbèsè kéékèèké wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2018, níwájú adájọ́ Májísíréètì, fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, pẹ̀lú èrò pé kí ẹjọ́ parí láàrín ọjọ́ 60. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kóòtù yìí pàápàá kì í gba ẹjọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó rẹ̀ sí ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ìwé pẹ̀lẹ́ tí a kọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, bí a bá sọ iye owó náà gan-an nínú rẹ̀, lè wúlò fún wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́, kí olúkúlùkù sì rò ó dáadáa kí ó tó gba ọ̀nà yìí.

Isaaki ọmọ Abrahamu bá irú ìyà kànga kan náà pàdé, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní orí 26. Àwọn darandaran bá a jà nítorí kànga kìíní, ó fi í sílẹ̀. Wọ́n tún jà nítorí èkejì, ó tún ṣí kúrò. Nígbà tí ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó jà mọ́. Àwọn mìíràn nínú kíláàsì lè béèrè pé èwo ni kí a tẹ̀lé, bàbá tàbí ọmọ. Èrò tiwa ni pé ìwọ̀n ìpàdánù ni yóò sọ. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì ojú ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ọlọ́ìlì bà, tàbí owó tí kò tó owó ìrìnnà lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì, kí a ṣe bí Isaaki, kí a sì mú ọkọ̀ wa lọ síbòmíràn nígbà mìíràn láìbú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, Abrahamu ni kí a tẹ̀lé.

Ó ku bí a ti í gba ọkọ̀ náà padà. Wọn óò mú ìwé kan wá pé kí a buwọ́ lù ú. Kí a kà á tán kí a tó mú bírò, nítorí ó lè jẹ́ pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Bí ìlérí oṣù 6 kò bá sí níbẹ̀, kí a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Kí a tan ẹ́ńjìnnì nínú ọgbà wọn fún ìṣẹ́jú 10, kí a wo abẹ́ rẹ̀, kí a pa á, kí a dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀, kí a sì fa irin ìwọnlẹ̀ yọ. Bí ohun gbogbo bá dára, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ náà níṣojú ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a tún dúró ní Itoikin, kí a wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tó kọrí sí Agbowa.